Kì í Ṣe Alágẹmọ Ló Pa Bàbá Kò-Tíì-Gbẹ

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà ní Oǹdó, mo jókòó sẹ́yìn kánópì, mo ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹun tí wọ́n sì ń purọ́. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń ṣàlàyé fún ẹnì kejì rẹ̀ pé alágẹmọ kan ni bàbá náà ń tọ́jú sínú ilé, pé ẹranko yẹn ló fa ẹ̀mí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó ní ohun tó dun òun jù ni pé ọmọ bàbá náà, tó jẹ́ ẹni Ọlọ́run, ti kìlọ̀ fún un títí. N kò dìde. N kò bá a jà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi títí di òní, mo sì ń kọ èyí kí n lè sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ kí obìnrin yẹn tó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì.

Kí ẹni tó ń kà á má bínú pé "ó" ni mo ń pe bàbá mi àgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ti Àkúrẹ́ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo bi í pé ṣé ẹ sùn dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi mélòó lo rí?" Láti ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé Oǹdó ni mo ń bá a sọ, ẹnì kan ni ẹnì kan.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò ni, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó lọ sí ibi tí àwọn oníṣòwò kó kòkó jọ sí, kí ó ti ọwọ́ bọ inú àpò, kí ó sì sọ bóyá ó ti gbẹ tó láti kó lọ sókè òkun. Kòkó tí kò bá gbẹ, èbu funfun á bò ó nínú ọkọ̀ ojú omi, á sì ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bàbá máa ń fi àtàǹpàkò fọ́ èso kan, á gbọ́ bó ṣe dún, á gbóòórùn rẹ̀, á wá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Kò tíì gbẹ." Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Kò-Tíì-Gbẹ. Àwọn ọmọdé máa ń fi orúkọ yẹn pè é láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì sá.

Ìtàn tí màámi fẹ́ràn láti sọ jù nípa rẹ̀ ni ti àna rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń ra kòkó nígbà náà ní apá Bọ́lọ́rundúró, ó sì kó àpò púpọ̀ wá sí Oǹdó. Òkè àpò gbẹ dáadáa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Bàbá ti ọwọ́ bọ ọ́ títí dé ìgúnpá, ó yọ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Àna rẹ̀ fà á sẹ́yìn, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó rán an létí ẹni tó fún un ní ìyàwó. Bàbá tú ẹnu àpò náà, ó sì da kòkó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà níṣojú gbogbo ènìyàn, kí kálukú lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìyá mi àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, oúnjẹ nìkan ló ń gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tó rẹ obìnrin náà, tó bi í pé ṣé kò lè ṣe é ní kọ̀rọ̀ ni, èsì tó fún un ni pé, "Ọwọ́ mi ló bọ inú àpò yẹn, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

N kò ní torí pé ó ti kú kí n wá sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń bínú láàárọ̀, ó máa ń bínú lọ́sàn-án. Ó bá ayálégbé kan jà nítorí pé onítọ̀hún fa omi kànga, kò sì dá ìdérí rẹ̀ padà. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé akọ̀wé kọ ohun tí òun kò sọ sínú ìwé. Kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ní kí o gbé àga wá, tí o gbé èyí tí kò fẹ́, kò ní sọ èyí tó fẹ́ fún ọ. Á dìde, á lọ gbé e fúnra rẹ̀, á sì máa wò ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ láti máa yẹra fún un. Èmi ni n kò yẹra, bóyá nítorí pé ọlidé nìkan ni mo fi ń wà níbẹ̀, n kò bá a gbé pẹ́ tó kí ẹ̀rù rẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Bí ó bá jágbe mọ́ mi, mo máa ń bi í pé kí ló dé. Ó máa ń yà á lẹ́nu. Nígbà mìíràn, á dáhùn.

Ìyá mi àgbà ti kú kí alágẹmọ náà tó dé. Bàbá lọ wo oko kòkó rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tí àwọn alágbàṣe ti ń ṣán igbó. Ó bá wọn ní ìdúró, wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró. Alágẹmọ kan wà lórí ẹ̀ka tí wọ́n gé lulẹ̀, àdá ti bà á lẹ́sẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sún mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ti mú òkúta dání. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi kó o, ó sì wọ mọ́tò tó ń bọ̀ ní Oǹdó. Nígbà tí awakọ̀ rí ohun tó wà nínú fìlà, ó ní kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn títí ó fi rí mọ́tò mìíràn. Nígbà tí mo ti Àkúrẹ́ wá wò ó, mo bi í pé orúkọ wo ló fún un. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo bí i?" Ẹni Yẹn ló ń pè é títí dé òpin.

Kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi àgbà ń kó ìkòkò ọbẹ̀ sí ló di ilé Ẹni Yẹn. Bàbá yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn dípò, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa gba afẹ́fẹ́. Ó gbin igi ọ̀dán kékeré sínú ìkòkò, ó gbé e sínú rẹ̀. Ó gbé abọ́ omi síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, omi inú abọ́ kò dín. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo wa ń là. Ojú alágẹmọ, tó máa ń yọ síta roboto, wá ń rì wọnú orí, awọ ara rẹ̀ sì ń hunjọ bí ewé tí oòrùn pa. Tata tí a mú fún un, kò wò ó. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Bàbá tí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù mi, mo sì kà á fún un pé alágẹmọ kì í sábà mu omi inú abọ́, omi tó bá sẹ̀ sára ewé ló ń lá. Pé afẹ́fẹ́ tó yí i ká gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin dé ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó mú ike tí ìyá mi àgbà fi ń fọ́n omi sí aṣọ kí ó tó lọ̀ ọ́, ó sì fọ́n ọn sí ewé ọ̀dán. Kò pẹ́, Ẹni Yẹn na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi náà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ó lá a pẹ́. Bàbá dúró tì í, ike lọ́wọ́, kò mira. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo ayé mi ni mo fi lé omi kúrò nínú kòkó. Wò ó bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ lónìí."

Mo ra agogo kékeré kan fún un tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Kò gbà á gbọ́. Ó da iyọ̀ díẹ̀ sínú ọmọrí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo náà, ó sì gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó so ó mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí iyọ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ra, omi ti pọ̀ jù. Bí bébà bá ń dún pákápáká nígbà tó bá fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ jù. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń yẹ agogo náà wò bí ẹni ń yẹ àpò kòkó wò, kí ó tó gbà pé kì í purọ́.

Ohun kan wà tó tètè yé e, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Fífọ́n omi nìkan kọ́ ni. Bí o bá fọ́n ọn láàárọ̀, ewé gbọ́dọ̀ gbẹ kí o tó tún fọ́n ọn, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa wọlé kí ó máa jáde. Bí ibẹ̀ bá tutù láìsinmi, tí atẹ́gùn kò sì rí ọ̀nà, èbu á mú ewé, àìsàn á wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹranko náà. Á máa ya ẹnu, itọ́ á máa hó ní imú rẹ̀. Nítorí náà, nínú ọyẹ́, Bàbá máa ń ri àpò kòkó sínú omi, á fún un, á fi bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fẹ́ wá, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà kan tí mo wá lo òpin ọ̀sẹ̀, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo fi àpò tútù bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fà wọ́n ya kúrò, ó jù wọ́n sí àgbàlá, ó sì jágbe mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ sá. Mo ní, kí ló dé? Ó mí kanlẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń mí, kì í ṣe omi. Omi kàn ń bá afẹ́fẹ́ rìn ni."

Ẹ̀gbọ́n màámi, tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá, Bàbá Fẹ́mi ni gbogbo wa ń pè é. Olùkọ́ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ. Òun nìkan nínú àwọn ọmọ ló wà ní Oǹdó, inú ọgbà kan náà, ní ilé tó wà lẹ́yìn ti bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa alágẹmọ, etí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ẹnì kan lá àlá. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ òun kú lẹ́yìn tó gba iwájú ilé náà kọjá. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Fẹ́mi kó ọkùnrin mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ń fọ́n omi lọ́wọ́, kò sì dúró. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ohun tí òkùnkùn ń lò kò yẹ kí ó wà nílé onígbàgbọ́. Wọ́n ní kí ó fún àwọn ní ẹranko náà, àwọn yóò bá a gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Bàbá gbé ike náà sókè kí wọ́n lè rí i. Ó ní, "Bí mo bá ní oògùn, ṣé ike omi ni mo máa gbé dání?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí Bàbá Fẹ́mi nínú. Ó sọ níwájú gbogbo wọn pé ojú ń ti òun láti jẹ́ ọmọ irú bàbá yìí. Bàbá yí padà sí nẹ́ẹ̀tì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kìkì kí-mi-kí-n-dá-ọ-lóhùn ló kù láàárín wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ìpá tó ti ń yọ Bàbá lẹ́nu dé ibi tí dókítà ní kò ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. A gbé e wá sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ nítorí pé èmi wà nítòsí, ilé mi kò jìnnà sí Arakale. Mo ní kí a gbé Ẹni Yẹn wá pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní ọ̀nà àti ọyẹ́ á pa á. Mo ní kí n máa lọ sí Oǹdó lójoojúmọ́. Ó ní ṣé n kò níṣẹ́ ni. Ó ní Bàbá Fẹ́mi wà nílé, ọ̀rọ̀ sì tán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere.

Ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Ṣadé, ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú, pè mí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá ni mo jókòó sí, ohùn obìnrin náà sì máa ń lọ sókè lórí fóònù. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀rá di ilé alágẹmọ Bàbá láti òkè dé ilẹ̀, oòru ti bo inú rẹ̀, òun kò sì rí ẹranko náà mọ́. Kí n tó gbé fóònù kúrò létí, Bàbá ti jókòó. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nígbà tí ìrora gba inú rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ṣòkòtò.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Dókítà wá, ó fi ibi tí ojú egbò kò tíì pa dé hàn án. Wọ́n gbé ìwé wá kí ó fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun ló ní òun ń lọ, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ kí èyí wà ní kíkọ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n dá lọ. Ó bi mí pé bí mo bá débẹ̀, tí mo bá a tó ń kú lọ, kí ni màá ṣe. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e kúrò nínú igbó."

Gbogbo ibi tí ọ̀nà Oǹdó ti bàjẹ́ ni mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé kòtò kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń fi ọwọ́ méjèèjì di inú mú. Kò kérora. Eruku ọyẹ́ bo gíláàsì iwájú, awakọ̀ ń rọra lọ, Bàbá sì ń sọ fún un pé kí ó yára.

A bá kọ́bọ́ọ̀dù náà bí Ìyá Ṣadé ṣe sọ. Ọ̀rá tó nípọn ni, wọ́n fi okùn dè é yíká dáadáa, omi ń ṣàn wálẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá fi ọ̀bẹ ya á, òórùn tó jáde dà bí ti àpò kòkó tó ti bàjẹ́. Èbu ti mú ilẹ̀ ìkòkò ọ̀dán. Ẹni Yẹn wà ní òkè pátápátá, ó ti dúdú, ó gbé imú sókè, ó ya ẹnu, itọ́ funfun ń hó ní imú rẹ̀. Bàbá gbé e sí ọwọ́, ó gbé e síta sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Bàbá Fẹ́mi jáde láti ẹ̀yìn ilé nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Tí inú bá ti bí Bàbá tó bẹ́ẹ̀, èdè Oǹdó paraku ló máa ń sọ, n kò lè kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: "Bí o bá fẹ́ pa á, kí ló dé tí o kò lo òkúta? Àwọn alágbàṣe yẹn sàn jù ọ́ lọ." Gbogbo ayálégbé ló gbọ́. Bàbá Fẹ́mi ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó padà sẹ́yìn ilé.

Ẹni Yẹn kò kú. Dókítà ẹranko kan ní Àkúrẹ́ fún mi ní oògùn, mo gbé e wá, Bàbá sì ń fún un ní ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e sínú oòrùn àárọ̀, ó jẹ́ kí ewé gbẹ dáadáa kí ó tó tún fọ́n omi sí wọn. Bí ọ̀sẹ̀ kejì ṣe ń parí lọ, àwọ̀ ewé padà sí ara rẹ̀, ó mú tata. Ní gbogbo àkókò yẹn, orí àga ni Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ lórí inú. Bí mo bá ní kí n wo egbò, á ní ó ti ń jinná. Irọ́ ni. Ọkùnrin tó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ gbogbo àpò ní Oǹdó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí aṣọ rẹ̀ wò. Nígbà tí ibà dé, tí a fi agídí gbé e padà sí Àkúrẹ́, dókítà ní ojú egbò náà ti kẹ̀, àìsàn náà sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ó la ojú, ó bi mí pé ṣé ewé ti gbẹ. Mo ní ó ti gbẹ. Ó ní, "Tún fọ́n ọn."

Ohun tó pa á nìyẹn, kí obìnrin tó ń jẹ ìrẹsì náà lè gbọ́. Egbò ló pa á, agídí ló pa á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kú, èmi náà wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù. Mo pe Bàbá Fẹ́mi lórí fóònù, mo ní, "Ìwọ lo pa á." Ó pa fóònù. Ní ibi ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run lé ohun búburú kúrò nínú ìdílé wa, mo rí i tó ń ṣe àmín, mo sì kórìíra rẹ̀. Kí kánópì tó tú, mo ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà sínú ọkọ̀, èmi àti Ẹni Yẹn ti wà lọ́nà Àkúrẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Bàbá Fẹ́mi wá sí ilé mi. Kò pè kí ó tó wá. Mo ṣílẹ̀kùn fún un nítorí pé ènìyàn kì í fi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. Kò jókòó. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù náà, èmi sì sọ gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti oṣù kejì. Mo sọ nípa ọ̀rá, mo sọ nípa ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí, mo sọ nípa àmín. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní, 'Má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ.' Kí n tó bi í pé báwo, ó ti pa fóònù."

N kò mọ̀ nípa ìpè yẹn. Ó ní ọyẹ́ le lọ́sẹ̀ yẹn. Òun fọ́n omi, ó gbẹ. Òun tún fọ́n ọn, ó tún gbẹ. Ó ní ẹ̀rù ẹranko náà ń ba òun, àdúrà ni òun ń gbà kí òun tó ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bàbá òun ń ba òun jù ú lọ. Bí bàbá òun bá dé tó bá a ní gbígbẹ ńkọ́? Òun lọ ra ọ̀rá lọ́jà, òun fi dì í yíká kí omi má baà jáde. Ó ní òun rò pé òun ti rí ọgbọ́n dá sí i ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè é padà, kí ló dé tí kò pe èmi. Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè ohun tí kò nítumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Tọ́pẹ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò sí ọjọ́ kan tí bàbá mi sọ fún mi pé, wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́. Ìwọ nìkan ló máa ń fi nǹkan hàn."

Mo bi í nípa ibi ìsìnkú, nípa ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà tí òun dákẹ́. Ìgbà yẹn ló gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní ó sàn kí wọ́n máa sọ pé alágẹmọ ló pa á, ju kí wọ́n sọ pé ọmọ rẹ̀ ni.

Inú ṣì ń bí mi sí i. Ó jẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ òkú láti gba ara rẹ̀ là, n kò tíì dárí èyí jì í. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níbẹ̀, Bàbá ni inú ń bí mi sí jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ì bá ti sọ ọ́ kí ó tó pa fóònù. Ì bá ti sọ ọ́ fún ọmọ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ọjọ́ kan láàárín gbogbo ọdún yẹn, nípa kòkó, nípa alágẹmọ, nípa ohunkóhun. Gbogbo ohun tó mọ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó sì di ẹ̀ṣẹ́.

Ewé ọ̀dán ti gbẹ. Ẹni Yẹn ti sún wá sí iwájú, ojú rẹ̀ kan ń wò mí, èkejì ń wo Bàbá Fẹ́mi. Mo mú ike, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi náà, láti òkè wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bàbá Fẹ́mi dúró lẹ́yìn mi. Mo sún sí apá kan kí ó lè rí ọwọ́ mi.